Àwọn Ìránṣẹ́ Inú Sẹ́ẹ̀lì àti Àrùn Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé-Ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òwe yìí ṣe wẹ́kú pẹ̀lú àrùn tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí. Àrùn jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò tí ó ti òde wọlé tọ ènìyàn wá. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó ń rú òfin, tí ó ń pọ̀ sí i láìdúró, tí ó sì ń gba àyè àti oúnjẹ mọ́ àwọn ojúgbà rẹ̀ lọ́wọ́. Irú èyí tí ń bá ọrùn ilé-ọmọ obìnrin jà ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ọrùn ilé-ọmọ ni ibi tóóró tí ó so ilé-ọmọ mọ́ ojú ara obìnrin; àwọn mìíràn ń pè é ní ẹnu ilé-ọmọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ tí a fi ojú ara bí ń gbà kọjá wá sí ayé.

Àrùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 2020, àwọn obìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn ní gbogbo àgbáyé tó 604,000, àwọn tí ó sì pa ní ọdún náà tó 342,000. Ní Nàìjíríà nìkan, ìṣirò ọdún kan náà fi hàn pé ó mú obìnrin tí ó lé ní 12,000, ó sì pa àwọn tí ó tó bí 8,000. Púpọ̀ nínú wọn ni ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Síbẹ̀, àrùn yìí wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ó ṣeé dènà jù lọ. Èé ṣe tí ohun tí ó ṣeé dènà fi ń pa ènìyàn tó báyìí? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí á mọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí á mọ bí ó ṣe ń dàgbà, kí á sì mọ àwọn tí ń jíṣẹ́ fún un nínú ara. Ohun kẹta yìí ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún wa.

Ìlú Ìbàdàn ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn àrùn yìí. Láti òkè Mọ́kọ́lá, níbi tí Òtẹ́ẹ̀lì Premier wà, ọ̀nà kò jìn rárá sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH, tí àwọn ará Ìbàdàn sì tún ń pè ní Oríta Mẹ́fà. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà. Nígbà tí ó di ọdún 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ti Ìbàdàn níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí a bá rí àrùn yìí lára rẹ̀ kì í kàn ṣe aláìsàn kan tí ó wá tí ó sì lọ. Irú jẹjẹrẹ tí ó mú un àti ọjọ́ orí rẹ̀ yóò wọ inú ìwé. Kò sí ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ tó báyìí. Láti inú rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú àti jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ni ó ń léwájú láàárín àwọn obìnrin Ìbàdàn.

Kí ni ó ń fà á? Fún ìgbà pípẹ́, oríṣiríṣi èrò ni àwọn oníṣègùn ní lórí ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1983, onímọ̀ ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harald zur Hausen àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé tí a ń pè ní human papillomavirus, tí a gé kúrú sí HPV. Ọmọ ìdílé yìí lé ní 200, ṣùgbọ́n bíi méjìlá sí mẹ́rìnlá péré nínú wọn ni ó léwu. Èyí tí a fún ní nọ́ńbà 16 àti èyí tí a fún ní nọ́ńbà 18 ni ó burú jù: àwọn méjèèjì ni ó wà nídìí nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ lágbàáyé. Ìbálòpọ̀ ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, ọkùnrin àti obìnrin ni ó sì ń gbé e kiri. Ní ọdún 2008, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá zur Hausen lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹnì kan lè rò pé ẹni tí ó bá ti ní fáírọ́ọ̀sì yìí ti kó jẹjẹrẹ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1999, àwọn olùṣèwádìí láti UCH àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti òkè òkun lọ sí àdúgbò Ìdíkàn, ní àárín ìgboro Ìbàdàn, wọ́n sì yẹ àwọn obìnrin tí ó lé ní 900 wò. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́rin ni ó ní HPV lára. Ohun tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ó wà lára wọn. Àwọn ìyá àgbà pàápàá ní in. Wọ́n tún rí i pé irú tí a fún ní nọ́ńbà 35, tí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Òyìnbó, wà lára àwọn tí ó gbilẹ̀ jù ní Ìdíkàn. Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Ìbéèrè tí ó wá délẹ̀ nìyí: bí obìnrin kan nínú mẹ́rin bá ní fáírọ́ọ̀sì yìí, èé ṣe tí jẹjẹrẹ kò fi mú obìnrin kan nínú mẹ́rin? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ara ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lé fáírọ́ọ̀sì náà jáde láàárín ọdún kan sí méjì. Lára àwọn ìwọ̀nba tí kò bá jáde lára wọn ni ewu wà. Lára àwọn yẹn náà, kì í yára. Ó lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó di jẹjẹrẹ gan-an, àyàfi bí agbára ìgbàlà ara bá ti dínkù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí lára ẹni tí ó ní kòkòrò HIV tí kò sì gba ìtọ́jú, nínú èyí tí ó lè jẹ́ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Kí ni ó ń yí sẹ́ẹ̀lì tútù padà di ọ̀tá ilé? Ibí ni ọ̀rọ̀ RNA ti wọlé.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìwé kan wà tí a jogún láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá. DNA ni wọ́n ń pe ìwé náà. Kì í jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀, bí ìwé ilẹ̀ tí baba ńlá kó sínú àpótí. Bí iṣẹ́ kan bá délẹ̀, wọn a da ojú ewé tí ó kàn kọ, wọn a sì rán ẹ̀dà náà jáde. Ẹ̀dà tí a rán jáde yìí ni RNA. Àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì a kà á, wọn a sì fi ohun tí ó sọ kọ́ purotéènì, èyí tí í ṣe ẹran ara, ẹ̀jẹ̀, àti irinṣẹ́ gbogbo tí ara fi ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ RNA fún ọdún púpọ̀: ìránṣẹ́ tí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ kí a lè fi ṣe purotéènì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n parí kíka ìwé DNA ènìyàn ní ọdún 2003, ẹnu yà wọ́n. Ojú ibi tí ń sọ bí a ti ń ṣe purotéènì kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwé náà, jíìnì ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 20,000 lọ. Àwọn kan ti fi ìgbà pípẹ́ pe èyí tí ó kù ní pàǹtírí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé pàǹtírí yìí kọ sí RNA, bẹ́ẹ̀ ni kò fi wọ́n ṣe purotéènì kankan. RNA tí kì í di purotéènì ni a ń wí. Iṣẹ́ wo wá ni wọ́n ń ṣe?

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kò ní pẹ́ kí wọ́n tó lóye rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ gbogbo wọn. Ẹni tí obìnrin fẹ́ ni èkíní, ohun èlò àgbẹ̀ ni èkejì, ohun tí a ń wọ̀ rìnrìn àjò ni ẹ̀kẹta, ohun ìjà ni ẹ̀kẹrin. Àmì ohùn ni ó yà wọ́n. Àmì ohùn kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í ṣe fáwẹ̀lì. Ẹnikẹ́ni kò lè pe òun nìkan. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á sí ọ̀ṣọ́ lásán yóò gbé ọ̀kọ̀ fún ẹni tí ó béèrè ọkọ̀. Bí RNA wọ̀nyí ṣe rí nìyẹn. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ṣe purotéènì, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń pinnu ìgbà tí a óò ka ọ̀rọ̀ náà, iye ìgbà tí a óò kà á, àti bóyá a kò tilẹ̀ ní kà á rárá.

Ara aràn kékeré kan tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1993, Victor Ambros àti Gary Ruvkun, ará Amẹ́ríkà méjì, fi hàn pé RNA kúkúrú kan wà lára aràn náà tí kì í ṣe purotéènì, ṣùgbọ́n tí ń dá RNA mìíràn dúró kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà jẹ́. MicroRNA ni wọ́n wá ń pe irú rẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ aràn lásán ni, títí wọ́n fi rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lára ènìyàn. Ọdún 2024 ni àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹni tí ó bá mọ oríta Mọ́kọ́lá yóò tètè mọ iṣẹ́ microRNA. Ọkọ̀ ń bọ̀ láti Sángo, òmíràn ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀, òmíràn láti ọ̀nà UCH. Kí wọ́n tó ṣí afárá olókè ibẹ̀ ní ọdún 2013, àti lẹ́yìn rẹ̀ náà, wọ́dà tí ń darí ọkọ̀ ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà di ìjà. Wọ́dà kò wa ọkọ̀, kò sì gbé èrò. Ọwọ́ tí ó nà sókè ni ó ń dá ọkọ̀ kan dúró tí ó sì ń jẹ́ kí òmíràn kọjá. Bí wọ́dà bá kúrò ní oríta, ọkọ̀ kò ní dáwọ́ rírìn dúró. Kàkà bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ni yóò máa rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ayédèrú wọ́dà bá sì wọ aṣọ iṣẹ́, tí ó ń dá ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró tí ó ń jẹ́ kí ti olè kọjá, ìlú ti dàrú nìyẹn. Ohun méjèèjì yìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọrùn ilé-ọmọ tí ó ń di jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo wọ́dà tí ó kúrò ní oríta. Fáírọ́ọ̀sì HPV ní ohun ìjà méjì, tí orúkọ wọn ń jẹ́ E6 àti E7. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa, olórí aláàbò kan wà tí a ń pè ní p53. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ìwé DNA, p53 ni ó ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì dúró kí a tún un ṣe, tàbí kí ó kú bí kò bá ṣeé tún ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn wọ́dà tí p53 máa ń rán lọ sí oríta ni microRNA tí a ń pè ní miR-34a. E6 a sì mú kí sẹ́ẹ̀lì pa p53 run. Ní ọdún 2009, àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé nígbà tí E6 bá ti pa p53 run tán, miR-34a náà yóò dínkù. Kò sí ẹni tí yóò rán an lọ sí ẹnu iṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni E7 náà ń dá àwọn mìíràn lọ́wọ́ kọ́, irú bíi miR-203, tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì awọ pé ó ti tó àkókò láti dàgbà kí ó má sì bímọ mọ́. Báyìí ni sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì, tí méjì ń pín sí mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò na ọwọ́ dá a dúró.

Ayédèrú wọ́dà ni èkejì. MiR-21 wà lára àwọn tí a mọ̀ jù nínú wọn. Nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, ó máa ń pọ̀ kọjá ààlà, ó sì ń dá àwọn RNA tí ó yẹ kí wọ́n ṣe purotéènì ìdènà jẹjẹrẹ dúró. Yàtọ̀ sí àwọn kúkúrú wọ̀nyí, àwọn RNA gígùn wà pẹ̀lú. Ọ̀kan ń jẹ́ HOTAIR, tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 2007. Òun a máa fa àwọn òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́ lọ sí ojú ibi kan nínú ìwé DNA, kí wọ́n lè ti ojú ewé náà pa. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kòríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, àwọn obìnrin tí HOTAIR pọ̀ nínú jẹjẹrẹ wọn ni àrùn náà tètè ń ràn kọjá ọrùn ilé-ọmọ lára wọn. Àwọn RNA gígùn mìíràn, àti àwọn tí ó ṣe róbótó bí òrùka, dà bíi kànrìnkàn tí ń fa omi mu: wọ́n ń fa àwọn microRNA mọ́ra, tí ìwọ̀nyẹn kò fi ní ráyè ṣe iṣẹ́ wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo RNA gígùn ni ó burú. Ọ̀kan tí ń jẹ́ MEG3 ń kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu, nínú jẹjẹrẹ yìí sì ni ó ti ń dínkù.

Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Fáírọ́ọ̀sì kéré gan-an. Jíìnì tirẹ̀ kò ju mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ. Agbára tí ó fi ń ṣẹ́gun sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, tí ó ní 20,000, kò ju pé ó mọ bí a ti ń sọ ìránṣẹ́ onílé di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́. Kò lè yí gbogbo wọn lọ́kàn padà lẹ́ẹ̀kan; ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń yí wọn padà, títí iye àwọn tí ó ti dalẹ̀ yóò fi pọ̀ ju iye àwọn tí ó dúró lọ.

Ó yẹ kí á mọ ibi tí wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1951, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, Henrietta Lacks, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, lọ sí ilé ìwòsàn nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Àwọn oníṣègùn mú díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní HeLa, kò kú. Ó wà láàyè títí dòní ní àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé. HPV nọ́ńbà 18 ni ó wà nínú rẹ̀. Lára HeLa ni wọ́n ti dán ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí RNA tí a ti ń sọ yìí wò, títí kan ti miR-21. Ọdún 2023 ni ìdílé Lacks tó bá ilé iṣẹ́ kan tí ń fi sẹ́ẹ̀lì náà ṣòwò parí ẹjọ́.

Kí ni àǹfààní ìmọ̀ yìí fún aláìsàn? Ìrètí pọ̀, ṣùgbọ́n kí á má ṣe àsọdùn. MicroRNA kì í tètè bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà àwọn onímọ̀ ń retí pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yóò tó láti fi mọ ẹni tí àrùn náà ń bọ̀ wá mú. Ní ìlú Amsterdam, àwọn olùṣèwádìí ti ṣe àyẹ̀wò kan tí ń wo bóyá wọ́n ti fi èdìdì ti jíìnì microRNA kan tí ń jẹ́ miR-124 pa, pẹ̀lú jíìnì mìíràn kan. Èyí ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ya obìnrin tí HPV rẹ̀ léwu sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí tirẹ̀ yóò lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí tí ó kù ni wọ́n ṣe lára ìwọ̀nba aláìsàn díẹ̀, àbájáde yàrá kan kì í sì í fìgbà gbogbo bá ti òmíràn mu. Nígbà mìíràn a kì í lè sọ bóyá RNA kan ni ó fa àrùn, tàbí àrùn ni ó mú kí RNA náà pọ̀. Kò tíì sí oògùn kankan tí a fi RNA wọ̀nyí ṣe tí a fọwọ́ sí fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ẹni tí ó bá ń ta irú rẹ̀ lójú pópó, ẹ̀tàn ni ó ń tà.

Ẹ̀kọ́ ńlá tí ìmọ̀ yìí kọ́ wa ni ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tí ìránṣẹ́ fi ń dalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Irinṣẹ́ tí a fi ń pẹ̀ka ìrókò yìí wà lọ́wọ́ wa, kò sì dìgbà tí àwọn tí ń wá RNA kiri bá parí iṣẹ́ wọn.

Èkíní ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní ọ̀fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á. Ó kan Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Àwọn òbí kan sọ pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ ọmọ wọn di àgàn. Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí a ti kọ́ lónìí dá wọn lóhùn. Ohun tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà kò ju èèpo fáírọ́ọ̀sì lọ. Kò sí DNA nínú rẹ̀, kò sí E6, kò sí E7. Ó dà bí àpò ìwé tí a kò fi lẹ́tà kankan sí. Ara ọmọ yóò rí àpò náà, yóò dá a mọ̀, yóò sì múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí èyí tí ó ní lẹ́tà nínú bá dé. Ohun tí kò ní iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ kò lè tan ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni àyẹ̀wò. Ẹ rántí nọ́ńbà 35 tí a rí ní Ìdíkàn. Abẹ́rẹ́ tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2023 ń dènà nọ́ńbà 16 àti 18, kò sì dárúkọ 35. Kódà abẹ́rẹ́ mìíràn tí ń dènà irú HPV mẹ́sàn-án kò ní in nínú. Nítorí náà, àyẹ̀wò kò ṣeé fi sílẹ̀, pàápàá fún àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá ti abẹ́rẹ́. Oríṣi mẹ́ta ni a mọ̀ jù: èyí tí a ń pè ní Pap, nínú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ń wá DNA fáírọ́ọ̀sì náà, tí obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, àti èyí tí ó rọrùn jù, nínú èyí tí nọ́ọ̀sì yóò fi ásíìdì inú ọtí kíkan tí a bomi là pa ọrùn ilé-ọmọ. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń yí padà yóò di funfun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì lè fi òtútù tàbí ooru pa á run lọ́jọ́ kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ti gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ìdá 70 nínú àwọn obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò tí ó dára ní ọmọ ọdún márùndínlógójì àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní márùndínláàádọ́ta, kí ìdá 90 nínú àwọn tí a bá rí àrùn lára wọn sì rí ìtọ́jú, gbogbo rẹ̀ kí ó tó di ìparí ọdún 2030.

Nọ́ńbà 35 kan náà tún kọ́ wa pé ó yẹ kí àwọn obìnrin wa wà nínú ìwádìí tí ń lọ lọ́wọ́. Bí fáírọ́ọ̀sì tí ó gbilẹ̀ ní Ìdíkàn kò bá rí bákan náà pẹ̀lú ti ilẹ̀ Òyìnbó, ó ṣeé ṣe kí ìránṣẹ́ tí ó ń yí lọ́kàn padà má rí bákan náà. Àyẹ̀wò RNA tí wọ́n bá fi obìnrin ilẹ̀ mìíràn nìkan ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ lè ṣi obìnrin Mọ́kọ́lá wọ̀n. Ṣùgbọ́n ti Henrietta Lacks kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Kí a ṣàlàyé fún obìnrin ní èdè tí ó gbọ́, kí ó mọ ohun tí wọ́n ń mú lára òun àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ni ó kan ẹ̀yin olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ìtìjú ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyá máa pe gbogbo àìsàn abẹ́ obìnrin ní orúkọ kan ṣoṣo, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ibi tí ń dùn ún, yóò ṣòro fún un láti sọ ọ́ fún oníṣègùn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. A kò gbọdọ̀ sọ pé RNA le ju ohun tí èdè wa lè gbà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ̀ ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé, kí wọ́n sọ fún ìyá wọn pé ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tún yọjú lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, tàbí omi ojú ara tí ń rùn tí kò dáwọ́ dúró, kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo dá dúró fún oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n sì sọ fún àwọn tí kò rí àmì kankan pé ìgbà tí ara wọn le gan-an ni àyẹ̀wò wúlò jù, nítorí pé àwọn ìránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì kì í pariwo nígbà tí wọ́n bá ń dalẹ̀.